Bí a ṣe ń ka ọjọ́ orí igbó àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Bradfield Woods ní Suffolk

Igi tó ga jù nínú igbó kọ́ ló ń sọ ọjọ́ orí igbó. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igbó tó ti wà nínú ìwé láti ọ̀rúndún kẹtàlá lè máà ní ju ọ̀pá tínínrín lọ ní apá ibi tí ẹ bá gbà wọlé, nítorí pé wọ́n ń gé e léraléra, kùkùté rẹ̀ sì ń sọ padà. Òmíràn kún fún igi gàgàrà tí ọrùn fi ń dunni láti wò, bẹ́ẹ̀ oko àlìkámà ni nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Ilẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ kùkùté, lẹ́yìn rẹ̀ òdòdó. Igi gíga ló kẹ́yìn.

Bradfield Woods la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 10 sí gúúsù-ìlà-oòrùn Bury St Edmunds, nítòsí abúlé Bradfield St George àti Felsham. Àwọn mọ́ńkì Bury St Edmunds ló ni ín láyé àtijọ́. Àkọsílẹ̀ 1252 ti dárúkọ iṣẹ́ gígé rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì tíì dúró di òní. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn mọ́ńkì náà ká ní 1539, igbó bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ mìíràn, àwọn agégi kàn ń bá tiwọn lọ ni. Orúkọ méjì lẹ ó rí lórí máàpù: Felshamhall Wood àti Monks' Park Wood. Wọ́n hú apá tó pọ̀ nínú èkejì di oko ní àwọn ọdún 1960, kí àwọn tó ń dáàbò bo igbó tó ra ohun tó kù ní 1970. Suffolk Wildlife Trust ló ń bójú tó o báyìí. Ìwé igbó yìí kò sọnù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró. Níbi tó pọ̀ jù, ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ máa rí. Ìdí tó fi dára láti fi kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Máàpù: láti òní padà sẹ́yìn

Ẹ má ti orí ìtàn mọ́ńkì bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú máàpù Explorer ti òní (1:25,000) tí Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù Britain, ṣe, kí ẹ fa etí igbó náà sórí bébà tí ojú lè là kọjá. Etí yẹn lẹ ó máa gbé lọ sórí máàpù àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ó sì máa bi í: ṣé etí náà ṣì wà níbi tó wà?

Ibi ìkàwé orílẹ̀-èdè Scotland, National Library of Scotland, ti gbé àwọn máàpù Ordnance Survey àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà níbẹ̀. Ẹ lè gbé máàpù àtijọ́ àti àwòrán òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo oní-ínǹṣì 6 sí máìlì kan, kí ẹ tó lọ sí oní-ínǹṣì 25 (1:2,500), èyí tó fi kòtò àti ọ̀nà inú igbó hàn dáadáa. Etí igbó àtijọ́ máa ń wọ́, ó máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́. Níbi tó bá ti gún bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, ẹni kan ló gé igbó kù níbẹ̀ tàbí tó gbin tuntun kún un. Bí máàpù àtijọ́ bá wọ́ níbi tí ti òní gún, wọ́n ti hú u di oko láàárín méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni máàpù ìdámẹ́wàá. Òfin 1836 ló sọ ìdámẹ́wàá irè oko tí àwọn àgbẹ̀ ń san fún ṣọ́ọ̀ṣì di owó, kí wọ́n sì tó lè pín owó náà, wọ́n ya máàpù ìjọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà rẹ̀ wà ní National Archives ní Kew: IR 30 ni nọ́ńbà àwọn máàpù, IR 29 ni ti ìwé orúkọ tó bá wọn rìn. Ìwé orúkọ náà ṣe pàtàkì ju máàpù lọ. Ó sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ń lò ó, orúkọ ilẹ̀, ohun tí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe àti bó ṣe tóbi tó. Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tí wọ́n ń pè ní Stubbing ti fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn: ibi tí wọ́n ti hú kùkùté ni. Kí ẹ má sì yà lẹ́nu bí igbó kan kò bá ní nọ́ńbà rárá, torí àwọn igbó kan wà tí kò san ìdámẹ́wàá.

Fún Suffolk, máàpù Joseph Hodskinson ti 1783 tún wà. Ó wúlò láti mọ̀ bóyá igbó kan wà lọ́dún náà, kò wúlò fún etí rẹ̀. Wọn kò wọn etí igbó dáadáa nígbà yẹn, nítorí náà ẹ má gbé e lórí ti Ordnance Survey kí ẹ wá máa sọ pé igbó sún.

Ìṣirò kan wà tó ń tú àṣírí ju máàpù lọ: bí igbó ṣe tóbi tó. Ìwé àtijọ́ ń kọ ọ́ ní éékà, rood àti perch. Perch 40 ló wà nínú rood kan, rood 4 nínú éékà kan. Ká ní ìwé sọ pé igbó kan jẹ́ éékà 24, rood 2, perch 20. Rood 2 jẹ́ 0.5, perch 20 jẹ́ 0.125, àpapọ̀ rẹ̀ 24.625. Ẹ fi 0.4047 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí hẹ́kítà 9.97. Bí igbó òní bá jẹ́ hẹ́kítà 10, ó ṣòro kí etí rẹ̀ ti sún. Ibi tí èyí ti ń yẹ̀ ni pé perch kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo láyé àwọn mọ́ńkì. Ẹsẹ̀ bàtà 16.5 ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan perch ti ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo 18, àwọn kan 20, pàápàá fún igbó. Ẹni tó fi perch oní-18 wọn igbó yóò kọ éékà tó kéré sílẹ̀ ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀ ní nǹkan bí ìdá márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ fura sí perch kí ẹ tó fura sí àwọn ará ìlú.

Ìwé Domesday ti 1086, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti onílẹ̀ tí ọba ní kí wọ́n ṣe, ń wu gbogbo ènìyàn láti tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ohun tó lè ṣe fún yín kéré. Ní Suffolk, Norfolk àti Essex, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ka igbó: igbó tó tó fún ẹlẹ́dẹ̀ báyìí báyìí. Ẹ má sọ ẹlẹ́dẹ̀ di éékà, kò sí ìṣirò kankan tó dúró. Ó tún jẹ́ pé abúlé tàbí ilẹ̀ olúwa kan ni àkọsílẹ̀ náà wà fún, kò sọ igbó wo.

Àwòrán LiDAR ló yẹ kó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò nílé. Wọ́n ń fi ìtànṣán láti inú ọkọ̀ òfurufú wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí, tí kọ̀ǹpútà á sì yọ igi kúrò. Environment Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ti gbé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mítà kan sí mítà kan. DTM lẹ fẹ́, èyí tí wọ́n ti yọ igi kúrò nínú rẹ̀. DSM ṣì ní ewé àti ẹ̀ka nínú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀. Àwòrán náà sábà máa ń ṣe bíi pé oòrùn ń ti àríwá-ìwọ̀-oòrùn tàn, 315°. Òkìtì tó bá nà láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn lọ sí gúúsù-ìlà-oòrùn kì í ní òjìji, ẹ ó sì búra pé kò sí níbẹ̀. Ẹ yí ìmọ́lẹ̀ sí àríwá-ìlà-oòrùn, 45°, kí ẹ tún un wò.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ, àti ohun tí ẹ ó mú dání

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó lọ. Oṣù Kìíní sí àárín oṣù Kẹta ni ti ilẹ̀: ewé ti já, koríko ti kú, oòrùn kò ga, òjìji òkìtì sì gùn. Òpin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ti òdòdó. Ẹni tó bá lọ ní oṣù Keje kò ní rí ju ewé àti ẹ̀gún lọ. Ní ìgbà òtútù, ẹ rántí pé oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Amọ̀ ni ilẹ̀ Suffolk níbi tó pọ̀, nítorí náà bàtà òjò tó ga dé orúnkún ló yẹ. Ẹ mú téèpù ìwọn oní-mítà 30, kọ́ńpáàsì, okùn mítà 20, lẹ́fẹ̀lì kékeré tí àwọn bíríkìlà ń so mọ́ okùn, ọ̀pá mẹ́ta tó ga tó mítà méjì, rúlà onígi, àti ìwé. Láti oṣù Kẹta sókè, ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yẹ ara wò lálẹ́: eégbọn inú igbó ibẹ̀ lè kó àìsàn Lyme ranni. Bí àmì pupa bá ń fẹ̀ yíká ojú ibi tó bu yín jẹ, ẹ lọ rí dókítà, kó dà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn yín.

Igi ash tún wà. Láti 2012 tí wọ́n ti rí àrùn tó ń pa á ní Britain, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti gbẹ lóòró, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń já láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ padà sílé.

Ẹ tún rántí pé igbó tó ní onílẹ̀ ni. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa rìn ká inú igbó gbogbo. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà fún aráyé, tí máàpù Explorer fi ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé sàmì sí, àti igbó tí wọ́n ṣí fún àlejò nìkan lẹ lè wọ̀ láìtọrọ àyè. Bradfield wà lára àwọn tí wọ́n ṣí. Ẹ ka pátákó ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé.

Ààlà: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ má wọ àárín igbó lọ tààrà. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí i ká. Ní ayé àwọn mọ́ńkì, ẹran ọ̀sìn aládùúgbò ló ń ba igbó jẹ́ jù, nítorí ó ń jẹ ọ̀mùnú tó bá sọ lára kùkùté. Wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí apá inú, ó di òkìtì, wọ́n sì fi ọgbà igi sórí rẹ̀. Yàrà wà níta, òkìtì wà nínú: bí ẹ bá ti rí ìyẹn, igbó ni wọ́n ń dáàbò bò. Bí ó bá yí padà, tí yàrà wà nínú tí òkìtì wà níta, ẹ dúró kí ẹ ronú. Ọgbà àgbọ̀nrín nìyẹn lè jẹ́, torí pé àgbọ̀nrín ni wọn kò fẹ́ kó jáde. Orúkọ Monks' Park fúnra rẹ̀ ti ń nawọ́ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wọn òkìtì kan rèé. Ẹ yan ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti ihò ehoro kò tíì bà jẹ́. Ẹ gbé ọ̀pá kan dúró ní mítà méjì sẹ́yìn òkìtì, nínú igbó. Èkejì ní mítà méjì kọjá yàrà, níta. Ẹ̀kẹta lórí òkìtì. Ẹ na okùn láti ọ̀kan dé èkejì, kó ga díẹ̀ ju orí òkìtì lọ, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ̀lì tẹ́ ẹ. Ọ̀pá àárín yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: okùn tó bá gùn ju mítà 10 lọ máa ń rọ̀ láàárín, á sì sọ yàrà di èyí tí kò jìn tó bó ṣe rí. Ẹ wá wọn ọ́n láti okùn dé ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí sẹ̀ǹtímítà 50. Nínú yàrà, ẹ ti rúlà wọ inú ewé gbígbẹ títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Ẹni tó bá dá a dúró lórí ewé yóò pàdánù sẹ̀ǹtímítà tó pọ̀. Ẹ yà á sórí bébà onígun mẹ́rin kéékèèké kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí nọ́ńbà tó ṣì ni ẹ ó tètè rí nínú àwòrán.

Òkìtì àti yàrà tí àpapọ̀ ìbú wọn tó mítà 6 sí 12, tí orí rẹ̀ rí roboto tó sì ń wọ́ lọ, ti ayé àwọn mọ́ńkì ni tàbí ṣáájú wọn. Èyí tó tínínrín, mítà méjì tàbí mẹ́ta, tó gún, tí èjìká rẹ̀ ṣì mú, tó sì ní igi ẹlẹ́gùn-ún hawthorn lórí, ti ọ̀rúndún kejìdínlógún tàbí ìkọkàndínlógún ni. Gíga kò ní láárí tó ìbú, torí òjò ti wẹ gíga lọ, ṣùgbọ́n ìbú ṣòro fún un láti parẹ́. Ẹ wo àwọn igi orí òkìtì náà. Ẹ lè bá igi àgbà tí wọ́n gé lórí ní gíga mítà méjì sí mẹ́ta, kí ẹran má baà dé ibi tó ti ń sọ. Pollard ni wọ́n ń pè é, igi ààlà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà mìíràn ẹ ó bá òkìtì ńlá ní àárín igbó. Ó lè jẹ́ pé onílẹ̀ méjì ló pín igbó náà. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni etí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí igbó tó rìn jáde sórí oko tí wọ́n pa tì. Apá ibi tí yàrà kọjú sí ni yóò dáhùn: ibẹ̀ ni ìta.

Inú igbó: ebè, èédú, kòtò

Bí ẹ bá rí ebè àti poro lábẹ́ igi, ẹnì kan ti roko níbẹ̀ rí. Ti àwọn ará àtijọ́ fẹ̀, ó sábà máa ń tó mítà 7 sí 10, ó sì ń tẹ̀ bíi lẹ́tà S tó dojú kọ òdì, torí pé màlúù púpọ̀ tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí yí kó tó dé òpin ilẹ̀. Ebè tó gún tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìgbà ẹ̀rọ. Igbó tó ní ebè kéré lọ́jọ́ orí sí ìtúlẹ̀ yẹn, kò sì túmọ̀ sí pé ọmọdé ni. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1348 sí 1349, oko púpọ̀ padà di igbó. Igbó tó sì ti wà láti 1600 títí di òní ni ìjọba ń kà sí igbó àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ebè lè wà nínú igbó àtijọ́ nígbà náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tètè dájọ́ nìyí.

Ibi pẹrẹsẹ tó rí roboto, tó fẹ̀ tó mítà 5 sí 10, tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dúdú: ẹ wo ihò ẹranko tàbí gbòǹgbò igi tó ṣubú níbẹ̀, bí èédú bá wà nínú yẹ̀pẹ̀, wọ́n sun èédú níbẹ̀. Kòtò gígùn tó tó mítà 3 sí 4, tí kò fẹ̀, lè jẹ́ ti àwọn lágílági: ọ̀kan dúró nínú kòtò, èkejì lórí igi, wọ́n jọ ń fa ayùn. Koríko nettle tó hù jọ síbì kan ṣoṣo sábà máa ń tọ́ka sí ibi tí ènìyàn tàbí ẹran gbé rí, torí ohun tí ìgbẹ́ àti eérú fi sínú ilẹ̀ kì í tètè tán. Kòtò roboto tó ní etí yíká lè jẹ́ ti bọ́ǹbù. Suffolk kún fún pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ogun Àgbáyé Kejì, ti Rougham kò sì jìnnà sí Bradfield. Bí ẹ bá rí irin tó jọ ohun ìjà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sàmì sí ibẹ̀ lórí fóònù, ẹ kúrò, kí ẹ sì pe 999.

Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ rárá, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin wọlé láìgba ìwé àṣẹ.

Kùkùté

Coppice ni wọ́n ń pe iṣẹ́ gígé kó tún sọ yìí. Igi ash àti hazel ni wọ́n ń gé jù ní Bradfield, pẹ̀lú alder níbi tó bá rọ̀. Gbogbo ọdún 7 sí 10 ni hazel, ọdún 20 sí 25 ni ash. Gígé kì í pa kùkùté. Ó ń fẹ̀ síta, àárín rẹ̀ a sì máa jẹrà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ohun tó kù ni òrùka ọ̀pá tí ẹni tí kò mọ̀ yóò kà sí igi mẹ́fà tàbí méje. Kí ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ni, ẹ wò ó bóyá gbogbo wọn ń rúwé lọ́jọ́ kan náà, bóyá àwọ̀ èèpo wọn bára mu, bóyá ìsàlẹ̀ wọn tẹ̀ síta láti orí àárín kan. Ẹ wọn òrùka náà láti ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwọ̀n méjèèjì dá àgbélébùú, kí ẹ sì mú ìdajì àpapọ̀. Kùkùté ash kan wà ní Bradfield tó fẹ̀ ju mítà 5 lọ. Àwọn onímọ̀ ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá orí rẹ̀ kò dàgbà ju ẹni tó ń wò ó lọ.

Àwọn igi óákù tó dá dúró láàárín kùkùté ni wọ́n dá sí fún ilé kíkọ́. Òfin Ọba Henry Kẹjọ ti 1543 ní kí wọ́n dá 12 sí nínú éékà kan. Ẹ wọn ilẹ̀ mítà 50 sí mítà 50, kí ẹ ka óákù inú rẹ̀: bíi 7 ni òfin náà yóò fún yín. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gidigidi, ó ṣeé ṣe kí igbó náà ti pẹ́ láìgé. Fún ọjọ́ orí óákù, ẹ fi téèpù yí i ká ní mítà 1.5 sókè. Nínú igbó, ẹ fi 1.25 pín sẹ̀ǹtímítà rẹ̀. Ní gbangba, ẹ fi 2.5 pín in. Óákù tó jẹ́ mítà 2.5 yíká nínú igbó tó nǹkan bí ọdún 200. Ìṣirò yìí kì í ṣiṣẹ́ fún pollard, kò ṣiṣẹ́ fún kùkùté, kò sì ṣiṣẹ́ fún igi tó ti dàgbà gan-an, torí irú igi bẹ́ẹ̀ kì í sanra kíákíá mọ́.

Bí ẹ bá darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń gé igbó, ẹ ó rí ìdí tí kùkùté fi rí bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ni wọ́n ń gé e, kí ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí yé. Àdá tí orí rẹ̀ kọ́ àti ayùn ọwọ́ tó fún hazel. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀pá kéékèèké ẹ̀gbẹ́ kúrò kí ọwọ́ lè dé inú. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lókè kùkùté, kó dagun síta kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gé e ga jù, ọ̀mùnú yóò sọ lókè, afẹ́fẹ́ á sì fà á ya. Ọ̀pá ash tó nípọn tó sì tẹ̀ síbì kan léwu: bí ẹ bá ti ẹ̀yìn gé e láìkọ́kọ́ gé ojú tó tẹ̀ sí, ó lè là sókè kó sì gbá agégi láyà. Ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gba ẹ̀kọ́.

Ohun tó ń pa kùkùté lẹ́yìn gígé kì í ṣe àdá, àgbọ̀nrín ni. Ọ̀mùnú hazel lè ga ju mítà kan lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, bí ẹnu kò bá kàn án. Muntjac, àgbọ̀nrín kékeré láti Ṣáínà tó sá kúrò nínú ọgbà àwọn ọlọ́lá ní ọ̀rúndún ogún, ń jẹ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, kùkùté tó ti la ọ̀rúndún mẹ́jọ já yóò kú láàárín ọdún díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ṣe ọgbà yíká ibi tí wọ́n bá gé, tàbí kí wọ́n ta wáyà tó ga tó mítà 1.8. Wáyà fún fallow, àgbọ̀nrín tó tóbi ju muntjac lọ, ni gíga yẹn. Fún muntjac, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, torí abẹ́ ló ń gbà wọlé.

Ọ̀pá hazel ń di èèkàn òrùlé koríko àti ọgbà tí wọ́n hun. Ash ń di èèkù irinṣẹ́. Iṣẹ́ èèkù réèkì ní Welnetham, nítòsí, wà lára ohun tí kò jẹ́ kí gígé Bradfield dáwọ́ dúró ní ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ọ̀pọ̀ igbó mìíràn ti di àpatì. Ìjọba gbé Forestry Commission dìde ní 1919 lẹ́yìn tí ogun ti jẹ igi tán, igi páìnì àti irú rẹ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀pá réèkì.

Òdòdó, àti ibi tó ti ń tanni jẹ

Wood anemone (oṣù Kẹta sí Kẹrin), oxlip (oṣù Kẹrin), bluebell (òpin oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Karùn-ún), herb paris (oṣù Karùn-ún), dog's mercury: àwọn tí kì í tètè rìn láti igbó kan dé òmíràn nìyí. Oxlip ló níyì jù níbí, torí ní Britain, orí amọ̀ apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń hù jù. Òdòdó kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ gbogbo irú tí ẹ bá rí, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i: lórí òkìtì, ní apá inú òkìtì, tàbí ní ìta rẹ̀. Bí wood anemone bá pọ̀ ní apá inú òkìtì tó sì tán lójú yàrà, ilẹ̀ àti òdòdó ti jẹ́rìí kan náà.

Bluebell ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹrí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ta sánsán, ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ sì funfun bíi wàrà. Ti Spain dúró ṣánṣán, kò ní òórùn, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ aró. Inú ọgbà àwọn ènìyàn ni ti Spain ti wá, kò jẹ́rìí sí ọjọ́ orí kankan. Snowdrop náà, ẹni kan ló sábà gbìn ín. Lódì kejì, ẹ má fojú kéré igbó igi páìnì tó dúdú tí kò ní koríko lábẹ́. Bí òkìtì ńlá bá yí i ká tí anemone sì wà létí ọ̀nà inú rẹ̀, igbó àtijọ́ ni wọ́n gbin páìnì lé lórí.

Ẹ má hú òdòdó. Òfin 1981 lòdì sí híhú u láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹ má sì já ewé ramsons, tó ń rùn bí áyù, jẹ láìmọ̀ ọ́n dáadáa, torí ewé olóró mìíràn ń hù láàárín rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe dájọ́

Ẹ pín ẹ̀rí sí mẹ́ta: ìwé, ilẹ̀, ohun tó ń hù. Bí mẹ́ta bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ lè kọ ọ́ láìbẹ̀rù. Bí ilẹ̀ àti ìwé bá fohùn ṣọ̀kan tí òdòdó kò sí, ẹ gba ti ilẹ̀: àgbọ̀nrín tàbí páìnì lè ti pa òdòdó. Bí òdòdó nìkan ló bá sọ̀rọ̀, ẹ fà sẹ́yìn. Àkójọ igbó àtijọ́ tí Natural England, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó àti ẹ̀dá inú rẹ̀, ní, tó wà lórí MAGIC, máàpù ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dára láti fi wé tiyín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, igbó tó kéré sí hẹ́kítà 2 kò sí nínú rẹ̀. Àìsí lórí àkójọ kì í ṣe ẹ̀rí pé igbó kan kò dàgbà.

Fún òkìtì tàbí kòtò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà ibi tó wà gẹ́gẹ́ bí Ordnance Survey ṣe ń kọ ọ́: TL, tẹ̀lé e nọ́ńbà 8, tó ń fi ibi kan hàn dé mítà 10. Ẹ má kọ nọ́ńbà 10, torí fóònù abẹ́ igi kì í mọ ibi tí ẹ wà dé mítà kan. Ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n sínú fọ́tò, kí ẹ kọ apá ibi tí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ yà á. Àwòrán òkìtì yín àti fọ́tò lẹ ó fi ránṣẹ́ sí Historic Environment Record ti Suffolk, àkójọ àwọn ohun àtijọ́ tó wà ní àgbègbè náà. Àkọsílẹ̀ òdòdó ń lọ sí Suffolk Biodiversity Information Service, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i.